Dráífà Gọ́ọ̀fù Tuntun $600 àbí Tòkunbọ̀ Ọdún 2018: Èwo Ni Kí Ẹ Náwó Sí?

Ẹni tó bá fẹ́ ra dráífà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lónìí, ìyẹn ọ̀pá gọ́ọ̀fù tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù, kó múra àtisan nǹkan bí $600. Sẹ́ẹ̀tì áyọ́ọ̀nù méje tó lórúkọ, ìyẹn àwọn ọ̀pá olórí irin, máa gbà ju $1,000 lọ. Wẹ́ẹ̀jì kan, tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù tí kò jìnnà, ń lọ sí $180 tàbí $200, pọ́tà Scotty Cameron, tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, sì wà ní $400 sókè. Owó gidi nìyẹn fún ẹnikẹ́ni, ká má tíì sọ ti àwa tí a máa kọ́kọ́ fi náírà wá dọ́là ká tó ná ọjà.

Mo ti ra tuntun, mo ti ra tòkunbọ̀, àwọn tí a jọ ń gbá gọ́ọ̀fù sì máa ń bi mí pé èwo ni káwọn rà. Ìdáhùn mi kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ohun tó wà nínú báàgì, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dráífà ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù.

Dráífà

Àjọ méjì ló ń ṣòfin gọ́ọ̀fù fún gbogbo ayé: USGA ní Amẹ́ríkà, àti R&A ní St Andrews nílẹ̀ Scotland. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pààlà sí bí ojú dráífà ṣe lè ta bọ́ọ̀lù tó. Láti 2004, orí rẹ̀ ò gbọdọ̀ tóbi ju 460 cc lọ. Ní 2006, wọ́n tún pààlà sí MOI, ìyẹn agbára tí orí ọ̀pá fi ń kọ̀ láti yí lọ́wọ́ ẹni nígbà tí bọ́ọ̀lù ò bá bà á láàárín. Àwọn tó ń ṣe dráífà ti dé bèbè ààlà yìí tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ń fì ọ̀pá ní 90 máìlì ní wákàtí kan. Tó bá gbá bọ́ọ̀lù ní àárín gbùngbùn ojú dráífà, bọ́ọ̀lù á kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí 135 máìlì ní wákàtí kan. Dráífà 2018 á fún un ní 135. Ti 2025 náà, 135 ni. Ohun tó lè mú un kọjá ibẹ̀ ni kí òun fúnra rẹ̀ túbọ̀ yára fì í, wọn ò sì ń ta ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó ń yí padà lọ́dọọdún ni bí dráífà ṣe ń bo àṣìṣe wa, ìyẹn náà ò sì yí padà tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Ẹ wo Ping, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Ní 2018 wọ́n gbé G400 Max jáde, wọ́n ní tí èèyàn bá ro MOI rẹ̀ ti ọ̀tún-sósì pọ̀ mọ́ ti òkè-sísàlẹ̀, ó lé ní 9,900. Ní 2024, G430 Max 10K dé, ariwo sì sọ torí pé tiẹ̀ lé ní 10,000. Ilé-iṣẹ́ TaylorMade náà gbé Qi10 Max jáde lọ́dún yẹn kan náà pẹ̀lú 10,000 kan náà. Ọdún mẹ́fà gbáko, 9,900 di 10,000. Ọwọ́ tó di ọ̀pá mú kò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn láéláé. Bẹ́ẹ̀, G400 Max tòkunbọ̀ tó ṣì dáa, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tuntun ló ń lọ.

Mo dán ọ̀rọ̀ yìí wò fúnra mi. Mo fọ́n pàúdà ẹsẹ̀ sí ojú dráífà mi àtijọ́, mo fọ́n sí ojú tuntun tí ọ̀rẹ́ mi rà, mo sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Nígbà tí mo gbé àwọn méjèèjì sójú oòrùn, àmì róbótó tí bọ́ọ̀lù fi sínú pàúdà náà wà níbì kan náà lára wọn: lápá ibi tí ọrùn ọ̀pá ti wọ orí, ó fi ìbú ìka méjì jìnnà sí àárín. Dráífà méjì, àṣìṣe kan. Mo sún sẹ́yìn díẹ̀ kúrò nídìí bọ́ọ̀lù, mo tún fọ́n pàúdà, àwọn àmì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wá sáàárín. Pàúdà yẹn nìkan ni mo náwó sí lọ́jọ́ náà, mo sì jèrè ju ohun tí dráífà tuntun ìbá fún mi lọ.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń jáde. Lọ́dọ̀ TaylorMade nìkan, SIM jáde ní 2020, SIM2 ní 2021, Stealth ní 2022, Stealth 2 ní 2023, Qi10 ní 2024, Qi35 ní 2025. Ẹni tó bá ń sáré tẹ̀ lé wọn kò ní sinmi, ọjọ́ tí tuntun bá sì jáde ni èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa já wálẹ̀ lọ́jà. Kì í ṣe tuntun ló ń gba ife: Henrik Stenson, tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, gba ife ńlá Open ní Royal Troon ní 2016, ìgbá 63 péré ló sì fi parí ọjọ́ tó kẹ́yìn. Igi-3 (ọ̀pá tó tẹ̀ lé dráífà) ti Callaway Diablo Octane Tour tó ti tó nǹkan bí ọdún márùn-ún ló sì ń fi gbá bọ́ọ̀lù níbi tí àwọn yòókù ti ń yọ dráífà. Ó mọ ọ̀pá yẹn bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀, kò sì rídìí tó fi máa pààrọ̀ rẹ̀.

Mo fi ẹ̀tọ́ sílẹ̀ fún ẹnì kan. Tí dráífà yín bá ti wà ṣáájú 2010, tí orí rẹ̀ kéré, tí ẹ ò lè tú ọrùn rẹ̀ láti yí ojú rẹ̀ díẹ̀, ẹ máa rí ìyàtọ̀ gidi tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti 2018 sí 2021 náà á fún yín ní ìyàtọ̀ yẹn.

Áyọ́ọ̀nù

Ibi tí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tàn wọ́n nìyí. Ẹ gba áyọ́ọ̀nù 7 tuntun lọ́wọ́ ọlọ́jà, ẹ gbá bọ́ọ̀lù kan, ó sì kọjá ibi tí 7 yín máa ń dé. Kí ẹ tó yọ owó, ẹ béèrè loft rẹ̀, ìyẹn iye dígírì tí ojú ọ̀pá náà fi dagun sẹ́yìn; bó bá ṣe kéré sí ni bọ́ọ̀lù ń lọ jìnnà sí. Áyọ́ọ̀nù 7 ti Titleist 620 MB jẹ́ dígírì 35. Ti TaylorMade Stealth jẹ́ 28. Áyọ́ọ̀nù 5 ti Titleist yẹn kan náà sì jẹ́ 27. Nítorí náà, ohun tí ẹ fi gbá bọ́ọ̀lù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 5, nọ́ńbà 7 ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pè é ní jìbìtì. Wọ́n gbé ìwúwo orí rẹ̀ sísàlẹ̀, bọ́ọ̀lù ṣì ń gòkè dáadáa, bàbá tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń fà sì lè rí ìrànlọ́wọ́ tòótọ́ níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn kì í sọ ìyókù fún olùrà. Wẹ́ẹ̀jì tó bá irú sẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ wá máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 43. Tí wẹ́ẹ̀jì iyanrìn yín bá jẹ́ 56, àlàfo 13 ti ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni a ti ń gbá bọ́ọ̀lù sórí gíríìnì, ìyẹn pápá tí ihò wà. Ẹ máa tún ra wẹ́ẹ̀jì kan tàbí méjì láti dí i, òfin ò sì gbà ju ọ̀pá 14 lọ nínú báàgì. Ẹ ro owó yẹn mọ́ iye tí wọ́n pè.

Áyọ́ọ̀nù tòkunbọ̀ kì í tètè bàjẹ́. Nike pa iṣẹ́ ṣíṣe ọ̀pá gọ́ọ̀fù tì ní 2016, síbẹ̀ Brooks Koepka, agbágọ́ọ̀fù ọmọ Amẹ́ríkà, gba US Open ní 2017 àti 2018 pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù 3 ti Nike nínú báàgì rẹ̀.

Wẹ́ẹ̀jì àti pọ́tà

Wẹ́ẹ̀jì ni kí ẹ ra ní tuntun. Àwọn ìlà tó wà lójú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yí kó sì dúró, iyanrìn kòtò sì ń jẹ etí àwọn ìlà yẹn. Àwọn tó ń ṣe Vokey, wẹ́ẹ̀jì tó lórúkọ, máa ń dárúkọ ráùndì 75 gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ó yẹ kí èèyàn máa ronú àtipààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò fa ojú rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀: tí ìlà bá ṣì mú, ẹ máa gbọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, èékánná á máa kọ́; tí ó bá yọ̀ kọjá bí ẹni fọwọ́ ra dígí, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, bó ti wù kó dán tó.

Pọ́tà ò ní ìlà tó ń jẹ, kò sì sí ohun tó ń gbó lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdìmú. Scotty Cameron Newport 2 kan ni Tiger Woods fi gba 14 nínú ife ńlá 15 rẹ̀. Èyí tó bá bá ojú yín mu ni kí ẹ rà, ní iyekíye.

Kí ẹ tó sanwó fún tòkunbọ̀

Ẹ mì orí dráífà létí yín. Tí nǹkan bá ń dún nínú rẹ̀, gọ́ọ̀mù ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ fi já owó. Ẹ wo àárín ojú rẹ̀ àti ibi tí ojú ti pàdé òrùlé orí fún ìlà tín-ín-rín bí irun. Ìyẹn ò ní àtúnṣe. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání. Títáníọ̀mù kì í fà mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, nítorí náà tí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú dráífà tí wọ́n ní títáníọ̀mù ni, ẹ dá a padà. Ìdìmú tó ti ń dán tó sì le, òógùn àti ooru inú búùtù ọkọ̀ ló jẹ ẹ́. Ẹ yọ owó ìdìmú tuntun kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ọ̀pá sí ara yín, bí télọ̀ ṣe ń wọn aṣọ. Mo ra sẹ́ẹ̀tì áyọ́ọ̀nù tuntun kan láìwọ̀n, gbogbo bọ́ọ̀lù ń ṣẹ́ lọ sí òsì, mo sì fi oṣù mẹ́ta dá ọwọ́ mi lẹ́bi. Nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ó, ọrùn ọ̀pá náà ló nà ró jù fún mi: etí orí rẹ̀ ń gbé sókè, ojú rẹ̀ sì ń kọjú sósì. Ó tẹ̀ wọ́n ní nǹkan bíi dígírì méjì-méjì, bọ́ọ̀lù sì wá tọ́. Owó tó gbà ò tó owó wẹ́ẹ̀jì kan. Ó lè tẹ tòkunbọ̀ náà, tí irin rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ṣeé tẹ̀.

Tí ẹ bá ń fi ọwọ́ òsì gbá, tàbí tí ẹ ga tàbí kúrú gan-an, tòkunbọ̀ tó bá yín mu máa ṣọ̀wọ́n. Tuntun lè tọ́ sí yín. Fún yín, mo máa ní kí ẹ dúró di oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ bá ń gbé ti ọdún tuntun jáde. Èyí tó wà lórí pẹpẹ láti ọdún tó kọjá máa já wálẹ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ọ̀rá rẹ̀ á ṣì wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tíì fi gbá bọ́ọ̀lù rí.