Gorée pẹ̀lú ọmọ àti ìyá ọkọ

Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ nínú òkun, kó má tìtorí ẹ̀ lọ Gorée, erékùṣù kékeré tó wà létí Dakar ní Senegal. Iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté kò tó nǹkan. Bí fẹ́rì bá ti já èrò sílẹ̀, ibi tí èèyàn ó tẹ́ ẹní sí a di ìjà. Erékùṣù Ngor la kó àwọn ọmọ lọ fún ìyẹn. Dakar kan náà ni, ọkọ̀ ojú omi kékeré ló ń gbé èèyàn sọdá, kì í pẹ́. Apá tó kọjú sí ìlú ni kí ẹ dúró sí o. Ìgbì apá kejì le, àwọn tó ń fi pákó gun omi ló ni ín.

Ìtàn ló yẹ kó gbé èèyàn lọ Gorée, ní ti ìyẹn, owó wa ò ṣòfò. Fẹ́rì láti Dakar gbà tó ìṣẹ́jú 20. Kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà níbẹ̀. Ìyá tó bá ti di ọmọ lọ́wọ́ mú sọdá títì ní Ọjà Ọba á mọ bí ara ṣe tù mí tó.

Ilé Ẹrú, ilé àtijọ́ tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù òwò ẹrú níbẹ̀, kì í ṣí ní Mọ́ńdè. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrú sí, àwọn olówó ń gbé òkè. Ihò kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Wọ́n ní Mandela wọ inú rẹ̀ nígbà tó wá ní 1991. Àkọ́bí mi fẹ́ wọ̀ ọ́, bàbá rẹ̀ kọ̀. Afinimọ̀nà wa ń ka mílíọ̀nù èèyàn tó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn bọ́ sínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn ti sọ pé iye tó gba ilé yẹn kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ bi mí bóyá ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ará wa gbà. Mo ní ọ̀nà Ouidah, Badagry àti Èkó ni púpọ̀ nínú tiwa gbà, ogun tí a ń bá ara wa jà ló sì kó ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀, Ìlọrin náà lọ́wọ́ sí i. Ìyá ọkọ mi ò fẹ́ kí n sọ ìyẹn sétí ọmọ. Mo sọ ọ́.

Ohun tó sú mi ni àwọn ọlọ́jà. Obìnrin tó bá ń kí yín bí ọmọ ìyá nínú fẹ́rì, ìlẹ̀kẹ̀ ló fẹ́ tà.

Físà ò sí fún páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà, títí dé 90 ọjọ́. Ẹ mú un dání lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́rì, owó ará Áfíríkà àti ti òyìnbó kò dọ́gba. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná, Faransé àti Wolof ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ẹni tó bá mọ sàlámà ò ní í sọnù. Thiéboudienne, ìrẹsì ẹlẹ́ja wọn, inú abọ́ ńlá kan ni gbogbo ilé ti ń jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìyẹn ju ìrẹsì fúnra rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá máa mú Alhaja dání, ẹ yáa fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún Kaolack, ìlú Sheikh Ibrahim Niass, aṣáájú Tijaniyya. Tiwa ò bá má gbà láti bá wa lọ rárá bí kò bá sí ìyẹn nínú ètò náà.