Ìkìlọ̀: irúgbìn "tòmátì aràrá" tí wọ́n ń tà fún wa ní Àbújá kì í ṣe aràrá

Ẹ̀yin ará ilé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé ní Kubwa, Lugbe, Kuje, Gwagwalada, títí dé Kàdúná àti Jos, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ń ta irúgbìn tòmátì lórí WhatsApp àti Facebook. Ó ní aràrá ni, pé kì í ga ju orúnkún lọ, pé tìtorí gírínháùsì ìgbà ọ̀yẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe é. Irọ́ ni. Tòmátì gíga tí gbogbo wa mọ̀ ló ń dì sínú ọ̀rá. Ó gba owó lọ́wọ́ àwa mẹ́rin, odindi ọ̀yẹ́ kan sì ṣòfò mọ́ wa lọ́wọ́.

Gírínháùsì tèmi kò tóbi. Ọparun ni mo fi gbé e ró lẹ́yìn ilé wa ní Kubwa, mo fi nẹ́ẹ̀tì yí i ká, mo ta ọ̀rá funfun lé e lórí. Láti ilẹ̀ dé òrùlé kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá tòmátì kúkúrú. Àwọn ará òkè òkun fẹ́ràn rẹ̀ nígbà òtútù tiwọn nítorí oòrùn kì í pẹ́ lójú ọ̀run níbẹ̀: tòmátì gíga á kàn máa na ọrùn wá ìmọ́lẹ̀ ni, ohun tí wọ́n sì fi ń mú ilé móoru wọ́n, torí náà wọ́n fẹ́ kí ọ̀gbìn púpọ̀ wọ àyè kékeré. Tiwa yàtọ̀. Oòrùn kò wọ́n wa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an sì ni wọ́n ń bomi rin tòmátì ní Kadawa lọ́hùn-ún ní Kánò. Ohun tí àwa ń sá fún ni eruku àti kòkòrò, àti òtútù òru fún ẹni tó bá wà ní Jos, torí bí òru bá ti tutù kọjá 13°C, òdòdó tòmátì kì í fẹ́ so mọ́.

Ẹni tí mo ń sọ yìí gbọ́ Yorùbá dáadáa, ohun tó fi mú wa nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ kọ sí i. Ó wo orúkọ mi, ó ní, "Ẹ káàsán mà. Ṣé Yorùbá ni yín? Ọmọ yín ni mí o, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ó fi àwòrán tòmátì kékeré kan ránṣẹ́, inú ife ló wà, èso pupa bò ó. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé Micro-Tom ni, èyí tí Yunifásítì Florida gbé jáde ní 1989. Kì í sábà ga ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, èso rẹ̀ kò sì ju kékeré yẹn náà lọ. Àwòrán yìí ló fi ń ta irúgbìn tó ní yóò so tòmátì tó tóbi bí ẹ̀ṣẹ́, àwòrán yìí kan náà ló tún fi ta "dúdú" àti "aláwọ̀ ọsàn" fún àwọn míì.

Hóró ogún, 7,500 náírà. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin jẹ́ Màmá kan ládùúgbò wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, owó àjọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni wọ́n yọ níbẹ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n rà á, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Orúkọ àkáùntì tó fún wa kò bá orúkọ tó ń fi ta ọjà mu. Mo bi í, ó ní ti ìyàwó òun ni. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti padà.

A lọ gba ẹrù ní gáréèjì Jabi. Hóró náà pupa fòò bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú sóbò. Ó ní oògùn ni. Òótọ́ ni pé àwọn iléeṣẹ́ irúgbìn máa ń fi oògùn aláwọ̀ pa hóró lára, torí náà àwọ̀ nìkan kò tó láti mú ẹnikẹ́ni lólè. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fọwọ́ kan irú hóró bẹ́ẹ̀, kó fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jẹun.

Ó hù ní ọjọ́ kẹfà. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kẹrin, igi rẹ̀ tín-ín-rín, ó ga, ó ń fì síbí fì sọ́hùn-ún. Mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí i. Ó ní, "Ẹ má mikàn mà, òtútù ọ̀yẹ́ ló máa jẹ́ kó di aràrá. Ẹ máa ká nẹ́ẹ̀tì sókè lálẹ́." Mo gbọ́ràn, mo ká nẹ́ẹ̀tì sókè. Àfòpiná wọlé, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní Ẹ̀bólà tòmátì, tó run oko débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde ipò pàjáwìrì lórí tòmátì ní 2016. Ọmọ rẹ̀ a máa jẹ inú ewé lọ títí ewé á fi dà bí ìwé tí iná rà.

Nígbà tó di oṣù kẹta, orí tòmátì ti kan òrùlé. Ibi tí ewé ti fara kan ọ̀rá, oòrùn ọ̀sán sun ún. Òdòdó òkè, níbi tí ooru há mọ́, já tán pátá. Nínú garawa mẹ́sàn-án, ohun tí mo ká kò kún abọ́ ọbẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. Kì í ṣe òtútù ló ń sọ tòmátì di aràrá, inú hóró ló ti wà. Ẹ kò lè fojú dá a mọ̀ lára hóró, aràrá àti gíga rí bákan náà, ibẹ̀ sì ni olè ti ń ráyè. Àmọ́ bó bá ti yọ ewé gidi mẹ́ta sí mẹ́rin, kò lè fara pamọ́ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Jos ní ojúlówó. Ó gbé ẹyọ kan wá fún mi nínú ike yúgọ́ọ̀tì, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tèmi tí mo yà nígbà tí ó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Tirẹ̀ kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ nípọn bí bíírò. Ewé rẹ̀ dúdú, ó hunjọ bí aṣọ tí wọ́n fún tí wọn kò lọ̀, ewé kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé èkejì. Tèmi, ẹ lè ki ìka méjì sáàárín ewé kan sí èkejì. Ọ̀sẹ̀ kẹrin péré ni gbogbo èyí ti hàn kedere.

Nígbà tí mo gbé e kò ó lójú, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní àwọn ti fi Roma, irú tòmátì kan, gba aràrá náà, ìyẹn ni pé wọ́n mú kí méjèèjì jọ bí ọmọ, kó lè so ńlá, òun ló fà á tó fi ga "díẹ̀". Bí ẹ bá fi tòmátì gíga gba aràrá, gíga ni gbogbo ọmọ àkọ́kọ́ máa ń jẹ́. Ara àwọn ọmọ-ọmọ ni aràrá ti tún ń yọjú, ẹ ó sì máa ṣà á fún ọ̀pọ̀ ìran kó tó dúró. Àwọn olùgbìn tí Craig LeHoullier ní Amẹ́ríkà àti Patrina Nuske Small ní Ọsirélíà kó jọ fún irú iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á fún yín, ẹ ní kó kọ orúkọ yín sórí ìwé, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì tirẹ̀, kó wá ya fọ́tò. Ẹ wo ara páálí: orúkọ irúgbìn, iléeṣẹ́ tó ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n dán híhù rẹ̀ wò. NASC, àjọ tó ń mójú tó irúgbìn, kò jìnnà sí wa, Sheda ni wọ́n wà lọ́nà Lokoja, wọ́n sì ní SeedCodex, àmì tí ẹ ó họ kí nọ́ńbà yọ láti fi yẹ irúgbìn wò. Bó bá ní òkè òkun ló ti wá, ẹ béèrè ìwé NAQS, àjọ tó ń yẹ ọ̀gbìn tó ń wọ orílẹ̀-èdè wa wò. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tèmi, ó ní àwọn olóko ńlá nìkan ni ìyẹn wà fún. Ká tiẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ pé, hóró márùn-ún ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn, kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ó ti bùlọ́ọ̀kì àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi ìpolówó irúgbìn sìtírọ́bẹ́rì hàn mí, orúkọ tuntun ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kọ sí i kò yí padà: "Ọmọ yín ni mí o, mà." A ti fi ẹjọ́ sun báńkì àti FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Hóró mọ́kànlá ló kù lọ́wọ́ mi nínú ọ̀rá tó fi dì í. Ẹni tó bá rà nínú tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ tọ́jú ọ̀rá, ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tí ẹ san, kí ẹ kọ̀wé sí mi, torí lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi àti Màmá máa gbé tiwa lọ sí Sheda, bó bá sì pọ̀ tó, wọ́n á rí i pé kì í ṣe àwa nìkan.