Brûleur tuntun, brûleur àlòkù, tàbí àtúnṣe ààrò: ìfiwéra fún onílé-búrẹ́dì tó ń fi gasoil dáná

Owó ìyẹ̀fun ló ń jẹ onílé-búrẹ́dì jù, owó gasoil, ìyẹn dísẹ́lì, ló sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tí a rà, a máa ń rí i nínú búrẹ́dì, nígbà tí apá kan nínú gasoil máa ń gba ọ̀pá èéfín jáde lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé iṣẹ́ mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dí ihò yìí ní Àjàṣẹ́ yóò gbọ́ ìmọ̀ràn mẹ́ta: kí ó ra brûleur, ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo tó sì ń dáná sínú ààrò, ní tuntun nínú páálí, kí ó ra àlòkù tó ti Yúróòpù wọ Kútọnu, tàbí kí ó fi èyí tó ní sílẹ̀, kí ó sì ná owó náà sára ààrò fúnra rẹ̀. Mo ti ra àlòkù rí, ọ̀nà kẹta ni mo sì ń tọ̀ báyìí. Ti tuntun, ilé búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n mi lápá Ouando ni mo ti mọ̀ ọ́n, nítorí èmi ni mo bá a bójú tó o ní gbogbo ọjọ́ tó fi wà ní Mẹ́kà. Ààrò tí mò ń sọ ni èyí tí iná rẹ̀ wà ní yàrá ọ̀tọ̀, tí ooru ń gba inú ọ̀nà irin yí àwọn pèpéle búrẹ́dì ká kí ó tó bọ́ sí ọ̀pá èéfín.

Ìdí tí àlòkù fi ń wu ènìyàn kò ṣòro láti mọ̀. Ara ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù ni wọ́n ti tú púpọ̀ nínú wọn. Epo fioul tí wọ́n ń jó níbẹ̀ kò jìnnà sí gasoil wa, iná mànàmáná ibẹ̀ àti tiwa sì bára mu, nítorí náà brûleur náà yóò tàn lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2022 ni ilẹ̀ Faransé ti fòfin de fífi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tuntun tó ń jó fioul lásán sínú ilé, mo sì fura pé ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ọjà náà pọ̀ sí i. 180,000 fáránkì ni mo ra tèmi. Ẹni tó tà á tàn án níwájú mi, iná náà bú jáde, mo sì rò pé agbára ni mo rà.

Agbára náà gan-an ló kó mi sí gbèsè. Nọ́ńbà tó wà lára gicleur, irin kékeré tó ń fọ́n epo bí ìrì sínú iná, ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ wò, tèmi sì jẹ́ 2.00. Gálọ̀nù Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà yìí: iye tí gicleur ń fọ́n ní wákàtí kan bí pọ́ǹpù bá ń ti epo ní bar 7 (bar ni òṣùwọ̀n agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo). Gálọ̀nù kan jẹ́ lítà 3.8. Ṣùgbọ́n bar 10 sí 12 ni wọ́n sábà máa ń so pọ́ǹpù brûleur mọ́, bí ó bá sì ti di bar 12, 1.00 ń fọ́n lítà 5, 2.00 ń fọ́n lítà 10. Ààrò mi kò nílò ju nǹkan bí lítà 6 lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Ààrò tó máa ń gba wákàtí kan àbọ̀ ń gbóná láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé brûleur kì í jó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ kí ooru tó pé, kí ó sì kú; kò ní pẹ́, á tún tàn. Nígbàkígbà tó bá tàn, ó ń pọ èédú dúdú, nítorí pé iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn kì í jó epo rẹ̀ tán. Nígbàkígbà tó bá sì kú, ọ̀pá èéfín ń fa atẹ́gùn tútù gba inú ààrò kọjá, atẹ́gùn náà a sì kó ooru tí mo ti sanwó rẹ̀ jáde. Èédú náà lẹ̀ mọ́ ọ̀nà irin inú ààrò bí aṣọ, ooru kò sì rọ́nà dé ìdí búrẹ́dì mọ́. Lítà 34 tí a ń jó lóru ọjọ́ kan di 43 ní oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ̀fun tí a ń pò kò fi ẹyọ àpò kan lé.

Ọmọ Kétu kan tó ń tún brûleur ṣe ló là mí lójú. Ó lu ihò kékeré sára ọ̀pá èéfín, ó ti ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru bọ̀ ọ́, ó sì kà á sí mi létí: ìwọ̀n Celsius 390, nígbà tó jẹ́ pé ní nǹkan bí 230 ni búrẹ́dì wa ń jinná. Ó wá fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa èéfín gba ojú ìwé funfun pélébé kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó sì fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Àmì róbótó àárín rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Láti 0 dé 9 ni òṣùwọ̀n èéfín yìí. 0 tàbí 1 ló yẹ iná gasoil tó dára, tèmi sì ti kọjá 7. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ẹyẹ orí òrùlé lẹ ń dáná fún." Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná ń lò ni pé bí èéfín bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 20 gbóná ju bó ti yẹ lọ, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo ti ṣòfò. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò tèmi.

Mo ní kí ó kàn pààrọ̀ gicleur rẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fun brûleur náà, ọ̀pá tí iná ń gbà jáde, tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ inú ilé, kúrú ju ògiri bíríkì ààrò mi lọ, ooru sì ń padà sójú ẹ̀rọ náà títí wáyà rẹ̀ fi yọ́. Ibẹ̀ ni mo ti fi í sílẹ̀.

Brûleur àtijọ́ mi, tí mo ti gbé jù sẹ́yìnkùlé, ni a padà sí. Ọmọ Kétu náà fọ̀ ọ́, ó fi gicleur 1.25 tuntun sí i, ó so pọ́ǹpù mọ́ bar 12, ó sì ń yí ojú atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀ títí ìwé funfun náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má dọ̀tí mọ́. Garawa méjì ni èédú tí a gbọ̀n jáde nínú ọ̀nà irin. Lẹ́yìn èyí ni a tẹ́ òwú olókùúta tí wọ́n ń pè ní laine de roche sórí ààrò, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, a fi páànù bò ó, a sì pààrọ̀ okùn tó dí etí ilẹ̀kùn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé orí ààrò yìí yóò yára mú un kúrò. Ní báyìí, ológbò wa ń sùn níbẹ̀ lóru. Èéfín wálẹ̀ sí 260, epo òru kan sì di lítà 29. Gbogbo ìnáwó náà kò tó iye tí mo ra àlòkù.

N kò fẹ́ kí a rò pé brûleur tuntun kò dára. Iná ti ẹ̀gbọ́n mi ní ìpele méjì, ńlá láti mú ààrò gbóná àti kékeré láti fi tọ́jú ooru, nítorí náà kì í tàn kí ó máa kú bíi tèmi ìgbà yẹn. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n odidi oṣù mẹ́ta ló fi ń rú èéfín dúdú, nítorí pé ẹni tó so ó kò mú ẹ̀rọ ìwọ̀n kankan dání, ojú lásán ló fi ń wo iná. Kò sì yẹ kí ènìyàn ra ẹ̀rọ olówó gọbọi kí ó tún máa ṣàdúrà sí i.

Ní ti ẹ̀yà ara, ti tuntun rọrùn láti rí ní Kútọnu, ti àlòkù dà bíi tẹ́tẹ́. Ní ti epo, kò sí èyí tó fẹ́ràn gasoil kpayo, epo fàyàwọ́ ẹ̀bá ọ̀nà, tí omi wà nínú rẹ̀. Ẹ ra asẹ́, ẹ sì jẹ́ kí epo tòrò kí ẹ tó lò ó. Bí iná mànàmáná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ yára fa brûleur kúrò lójú ààrò, torí pé fáànù tó ń tù ú lára ti dúró. Ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, tó jìnnà sí Kútọnu ju igba kìlómítà lọ, kí ó kọ́kọ́ wá ẹni tó lè tún un ṣe, kí ó tó wá ẹni tó ń tà á.

Bí ààrò yín bá ti ya, tí bíríkì inú rẹ̀ ti ń já, owó tuntun kò ṣòfò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ra gicleur tó bá ààrò mu, kí ẹ gbọ̀n èédú, kí ẹ da òwú bo orí ààrò, kí ẹ sì tún ka epo fún oṣù kan kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ṣì fà sí àlòkù, kí ó bi oníṣòwò léèrè nọ́ńbà gicleur, agbára pọ́ǹpù àti gígùn ọ̀fun. Bí onítọ̀hún bá dáhùn pé, "Ó ń jó dáadáa," kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Tèmi náà jó dáadáa.