Táǹkì Ẹja Oní-Lítà 54 Tí Wọ́n Ń Tà n'Ìbàdàn: Gíláàsì Ò Burú, Ẹja Àdàlù Ni Wàhálà

Ẹni tó bá lọ bá olùtajà ẹja ọ̀ṣọ́ n'Ìbàdàn pé táǹkì kékeré fún pálọ̀ lòun ń wá, odindi ẹrù kan ni wọ́n sábà máa ń dì fún un: gíláàsì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 30, fílítà kan, iná orí, àpò òkúta aláràbarà, oúnjẹ nínú ike, àti ẹja bíi mẹ́wàá nínú ọ̀rá. Ẹrù yẹn la yẹ̀ wò níbí.

Gíláàsì rẹ̀ ò burú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó já tàbí tó ní ihò afẹ́fẹ́ nínú máa jò. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sórí tábìlì tó dúró déédéé, ẹ rọ omi sí i, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi nìkan á wọn bíi kílò 50, torí náà ẹ má gbé e sórí dúróò tẹlifíṣàn. Lítà 60 ni wọ́n ń pè é lẹ́nu, ṣùgbọ́n 54 ni ìṣirò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ òkúta ìsàlẹ̀ àti àyè tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lókè, bíi 45 ló kù fún ẹja. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì ò lè tán sínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí olùtajà bá ní ó gba ogún ẹja.

Fílítà náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń ta òun àti ẹja. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja ló ń di ammonia, májèlé tó ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. Kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú fóòmù fílítà ló ń sọ ọ́ di nitrite, tóun náà jẹ́ májèlé, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ di nitrate tó rọ̀ díẹ̀. Nínú táǹkì tuntun, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló ń gba àwọn kòkòrò yìí kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí ẹja ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yọ ẹnu sókè omi láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé táǹkì lọ, ẹ fi ẹja sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tan fílítà, ẹ máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i lọ́jọ́ méjì méjì kó jẹrà síbẹ̀. Ẹ tún bẹ olùtajà kó gé fóòmù fílítà tó ti ń lò fún yín. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ lọ́nà, ẹ tì í bọ inú fílítà tiyín, ọjọ́ á dín kù.

Omi ẹ̀rọ tó ń wá láti Ẹlẹ́yẹlé tàbí Aṣèjírẹ́ ní chlorine nínú. Ẹ rọ ọ́ sínú báfù, kí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ máa hó o fún wákàtí 24. Ẹ ṣe omi kànga àti ti kànga ẹ̀rọ (borehole) náà bẹ́ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ò tó nínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ ilẹ̀ jáde.

Ó wá kan ẹja àdàlù. Goldfish méjì, angelfish méjì, neon tetra méjì, guppy méjì, molly méjì, àti pleco kan tí wọ́n ní ó ń jẹ ìdọ̀tí: irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà nínú ọ̀rá. Ẹni tó bá kó wọn pọ̀ ti kó ẹran àti ajẹran sínú àgò kan.

Omi tútù ni goldfish fẹ́, ó ń dàgbà kọjá sẹ̀ǹtímítà 15, ìgbẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ dá a padà. Angelfish jẹ́ ìbátan epìyà tá à ń jẹ. Bí owó ẹyọ ló máa ń rí ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n tó bá dàgbà, lẹbẹ òkè àti tìsàlẹ̀ rẹ̀ á ga ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ nínú omi tí gíga rẹ̀ kò ju 25. Kó tó dé ibẹ̀ gan-an, á ti gbé neon mì lóru. Pleco tó dà bí ìka ọwọ́ lónìí máa ń gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, táǹkì yìí ò sì fẹ̀ tó ibi tó ti máa yí padà. Kì í jẹ ìgbẹ́ ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rárá. Kò sí ẹja tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Neon tetra rẹwà, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹ̀, àmọ́ omi tó wà láàárín 21 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń tù ú. Omi inú pálọ̀ Ìbàdàn lè kọjá 28 lóṣù kẹta. Cardinal tetra ló fara da ooru jù ú lọ. Ẹ wo ilà pupa abẹ́ ikùn: ti neon bẹ̀rẹ̀ láti àárín ara, ti cardinal ti orí lọ dé ìrù. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà nínú wọn, mẹ́fà ni kó kéré jù, torí ẹja tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́ ni. Méjì péré á kàn máa sá pamọ́ ni.

Guppy gan-an ni ẹja ìlú yìí: kò bìkítà nípa ooru, kì í jà, kò sì tóbi. Ẹ ra akọ mẹ́fà. Ẹ wo lẹbẹ abẹ́ ikùn, nítòsí ìrù: ti akọ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ti abo fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Abo kan ṣoṣo tó bá yọ́ wọlé ti lè lóyún láti ṣọ́ọ̀bù, á sì máa bí ogún sí àádọ́ta ọmọ ní nǹkan bí oṣù kan síra. Ẹ má fi tiger barb tàbí akọ betta tì wọ́n. Ìrù guppy á di àkísà.

Fún ìsàlẹ̀ omi, corydoras mẹ́fà ni. Ìbátan àrọ̀ ni, ó nírùngbọ̀n, ó sì máa ń sáré wá gba afẹ́fẹ́ lókè bíi tirẹ̀, kì í ṣe àìsàn. Èyí tí wọ́n ń pè ní sterbai ló fara da ooru jù. Òkúta aláràbarà inú ẹrù yẹn mú, á gé irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ fi iyanrìn odò tẹ́ ẹ fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́ rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fún un ní oúnjẹ tó ń rì, torí guppy ò ní ṣẹ́ nǹkan kan kù fún un.

Ó yani lẹ́nu pé ẹja kribensis ṣọ̀wọ́n nínú ẹrù wọ̀nyí, nígbà tó jẹ́ pé omi gúúsù Nàìjíríà ni ilé rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí takọtabo, ẹ dojú àfọ́kù ìṣasùn dé kí wọ́n rí ihò yé ẹyin sí. Àmọ́ wọn kì í gba corydoras láyè nísàlẹ̀ tí wọ́n bá ti bímọ. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì: kribensis tàbí corydoras.

Ẹ̀rọ amúmigbóná tó wà nínú àwọn ẹrù kan, guppy ò nílò ẹ̀ níbí, títí kan ìgbà ọyẹ́. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì lẹ máa nílò, torí NEPA. Bí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ má tan fílítà padà bẹ́ẹ̀. Ẹ bu omi táǹkì sínú korobá, ẹ fún fóòmù rẹ̀ nínú omi náà kẹ́ ẹ tó dá a padà. Omi ẹ̀rọ á pa kòkòrò rẹ̀.

Guppy ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó wọlé, corydoras tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá léfòó fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ máa bu omi táǹkì díẹ̀díẹ̀ sí i, ẹ fi àwọ̀n kó ẹja jáde, kẹ́ ẹ sì da omi ọ̀rá nù síta. Ní ṣọ́ọ̀bù, bí ẹja kan ṣoṣo bá ní èérún funfun bí iyọ̀ lára, ẹ má ra ìkankan nínú táǹkì yẹn, ẹ má sì rà nínú táǹkì mìíràn tí wọ́n ń ki àwọ̀n kan náà bọ̀.