Kí akéwì kọ́kọ́ kà á ná: àgbéyẹ̀wò àwọn ibi tí mo ti ń fetí gbọ́ ewì

Ohun kan ni mo fi ń dá gbogbo ètò ewì lẹ́jọ́: ṣé mo gbọ́ ewì náà kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í là á yé mi? Àwọn atọ́kùn kan wà tí wọ́n á kọ́kọ́ ki akéwì ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, wọ́n á ka ẹ̀bùn tó ti gbà, wọ́n á sọ ohun tí ewì náà dá lé, wọ́n á sọ bó ṣe pa wọ́n lẹ́kún. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa kà á, kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ tí etí tèmi lè dá rí. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lórí fóònù mi. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ nípa ewì o, mo tilẹ̀ ń gbádùn rẹ̀ ju bí àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ewì ni àyè rẹ̀ wà. Ojú yẹn ni mo fi wo àwọn ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí. Ọ̀fẹ́ ni gbígbọ́ gbogbo wọn, àfi ọ̀kan tí n kò ní dárúkọ.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ yà sí ni PennSound, ìkànnì tí wọ́n kó ohùn àwọn akéwì jọ sí. Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ló ni ín. Charles Bernstein tó jẹ́ akéwì àti Al Filreis tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì bọ́ sójú táyé ní 2005. Bernstein ti kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ láti 2003: kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ènìyàn lè dáńlóòdù rẹ̀, kí ó jẹ́ MP3 tàbí ohun tó dára jù ú lọ, kí wọ́n gé ewì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí orúkọ akéwì àti àlàyé rẹ̀ sì wà nínú fáìlì náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti wá ewì ìṣẹ́jú kan rí nínú téèpù tó gùn tó wákàtí kan, tó ń fìka tì í síwá sẹ́yìn, ló máa mọ ohun tí gígé sọ́tọ̀ yẹn tó. Mo lè gbọ́ ewì kan léraléra láìgbọ́ ìkíni, ikọ́ àti àtẹ́wọ́ tó yí i ká, dátà tó ń jẹ kò sì tó nǹkan. Bí ó bá sì wù mí láti gbọ́ ikọ́ náà (ó máa ń wù mí nígbà míràn), odindi téèpù sábà máa ń wà lójú ewé kan náà.

Ìkànnì náà kò ṣe fáàrí. Wọ́n to orúkọ àwọn akéwì ní ABD. O tẹ ọ̀kan, ojú ewé gígùn ṣí, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti kà á wà lókè, àwọn ewì tò sísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá ọ yan ohun tó rò pé ó máa wù ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí kò bá tíì mọ orúkọ akéwì kankan yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ìdí tí mi ò fi lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ nìyí. William Carlos Williams, akéwì Amẹ́ríkà, máa ń kọ ìlà kúkúrú, ọ̀rọ̀ méjì níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, á sì já gbólóhùn níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ẹni tó bá ń fojú kà á á gbà pé òpin ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ pé kí òun dúró díẹ̀. Robert Creeley, tí òun náà jẹ́ akéwì, gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, dídúró yẹn sì wọ inú iṣẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà tó wá gbọ́ ohùn Williams ló tó mọ̀ pé bàbá náà kì í dúró rárá: ṣe ló ń gba òpin ìlà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lórí ògiri. Ẹ gbọ́ àwọn méjèèjì tẹ̀ léra. Creeley á sọ ọ̀rọ̀ méjì, á dánu dúró, á sọ mẹ́ta sí i, ohùn rẹ̀ á fẹ́ gbọ̀n, àfi bíi pé kò dá a lójú pé ìlà kan tún kù. Ohùn Williams tín-ín-rín, ó yá, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé, ìlà àwọn méjèèjì fẹ́ jọra lójú. Nínú etí, ọ̀nà wọn jìn síra. Bí PennSound kò bá ní ju ohùn àwọn méjì yìí lọ, màá ṣì máa lọ síbẹ̀.

Ohùn àtijọ́ ní tirẹ̀ gba sùúrù. Edison ṣe fonógíráàfù rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, ní 1877. Ní 1889 wọ́n gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ síwájú Robert Browning, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, níbi àsè alẹ́ kan, wọ́n ní kó ka ewì rẹ̀. Ó fi ìgboyà bẹ̀rẹ̀, ó ka ìlà mélòó kan, ló bá gbàgbé èyí tó kù, ó sì ń tọrọ àforíjì pé òun ò lè rántí ewì tí òun fọwọ́ ara òun kọ. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ariwo inú rẹ̀ pọ̀ débi pé òye ni a fi ń gbé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mi ò ní gba kíkà tó pé pérépéré dípò ìgbàgbé yẹn. Tennyson, akéwì Gẹ̀ẹ́sì bíi tirẹ̀, ka tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ ní 1890. Thomas Hardy wà láyé títí di 1928, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn kì í ṣe ohun ìyanu mọ́, síbẹ̀ a kò ní ohùn rẹ̀. Irú àdánù yìí wà lára ohun tó mú kí Andrew Motion, tó jẹ́ akéwì ààfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, àti Richard Carrington tó ń ṣiṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ dá Poetry Archive sílẹ̀. Òun náà ṣí ní 2005. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú akéwì tó wà láàyè wọ sítúdíò kó tó pẹ́ jù, kí ó sì kó ohùn àwọn tó ti lọ jọ. Ohùn ibẹ̀ mọ́ ju ti PennSound lọ, nítorí sítúdíò yàtọ̀ sí gbọ̀ngán tí àwọn èèyàn ti ń fa àga, ọ̀rọ̀ ewì sì sábà máa ń wà lábẹ́ ohùn fún ẹni tó fẹ́ fojú tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ewì, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ.

Níwọ̀n bí a ti ń sọ̀rọ̀ àwọn àgbà: Yeats, akéwì ilẹ̀ Ireland, ka ewì lórí rédíò BBC ní 1932, ó sì kìlọ̀ fún olùgbọ́ pé wàhálà tí òun ṣe kí ọ̀rọ̀ náà tó di ewì pọ̀, nítorí náà òun ò ní kà á bí ẹni ka ọ̀rọ̀ lásán. Kò sì kà á bẹ́ẹ̀. Ó ń fa ohùn, ó fẹ́ di orin. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe ju àwa tí à ń rẹ́rìn-ín lọ.

Lyrikline yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Berlin ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1999, Haus für Poesie, ilé ewì kan níbẹ̀, ló sì ń bójú tó o. Akéwì kọ̀ọ̀kan ń ka iṣẹ́ rẹ̀ ní èdè rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wà lójú ewé, o sì lè pe ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè míràn kó wá dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Akéwì tó wà níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ohun tí mo ń lò ó fún lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu: mo máa ń gbọ́ ewì ní èdè tí n kò gbọ́ rárá, n ò sì ní ṣí ìtumọ̀ títí màá fi mọ ibi tí akéwì ti ń yá àti ibi tó ti ń fa ẹsẹ̀. Èmi tí mo fi èdè olóhùn dàgbà, òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ni etí mi kọ́kọ́ ń wá. Nínú èdè Jámánì, ó gba àkókò kí n tó gbà pé ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ni ìlù ewì náà ti ń dún. Tí mo bá wá ṣí ìtumọ̀, ó máa ń dà bíi pé ó pẹ́ dé. Kò sí ìjíròrò níbẹ̀, kò sí atọ́kùn, n ò sì wá wọn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ nípa ewì. PoemTalk ni mo gbé ga jù. Filreis ti PennSound yẹn náà ló ń tọ́kùn rẹ̀ láti ìparí 2007. Àlejò mẹ́ta ló sábà máa ń pè, wọ́n á gbé ewì kan sílẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí a gbọ́ ọ lẹ́nu akéwì láti inú PennSound, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ewì Williams ni wọ́n fi ṣí ètò náà, èyí tó sọ nípa àfọ́kù ìgò aláwọ̀ ewé tó ń dán nínú eérú lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Gbogbo ewì náà kò ju ìlà mẹ́wàá lọ, òun ni wọ́n sì fi odindi ètò tú. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé àwọn àlejò kì í gbà fún ara wọn. Ẹnì kan á ní ìlà yìí ń rẹ́rìn-ín, ìkejì á ní ẹkún ni, Filreis á ní kí wọ́n padà sí ọ̀rọ̀ kan pàtó, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti rí i. Nígbà tó bá ń parí lọ, àlejò kọ̀ọ̀kan á dárúkọ ohun kan nínú ayé ewì tí inú rẹ̀ dùn sí. Gathering Paradise ni wọ́n ń pe abala yẹn, inú ewì Emily Dickinson ni wọ́n ti mú un. Mo ti rí akéwì púpọ̀ mọ̀ láti ibẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lè pọ̀ lẹ́nu wọn nígbà míràn, tí ènìyàn á fi máa wá etí ara rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa ń padà sí ewì náà, kí n tún un gbọ́, kí n tó bá wọn lọ.

Poetry Unbound tí Pádraig Ó Tuama ń ṣe láti 2020 rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Á ka ewì, á sọ ohun tó rí nínú rẹ̀, á sì tún un kà kó tó dágbére. Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà: ìlà tó ré ọ kọjá lákọ̀ọ́kọ́ á wá dúró. Ohun tí mo rí sí i ni pé ohùn rẹ̀ dùn jù. Tí èèyàn bá gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́, gbogbo akéwì a bẹ̀rẹ̀ sí í jọ Ó Tuama, nítorí òun ló sábà ń kà á fún wọn. Mo máa ń lọ wá ohùn akéwì náà gan-an lẹ́yìn tó bá parí. The Slowdown, tí Tracy K. Smith kọ́kọ́ tọ́kùn rẹ̀ ní 2018, kò ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sì dára fún ẹni tó ń múra iṣẹ́, àmọ́ ó tako òfin mi: ọ̀rọ̀ atọ́kùn ló ń ṣáájú, ewì ló ń gbẹ̀yìn. Mo máa ń fò lọ sí ewì, kí n tó padà wá gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbà fún kó sọ̀rọ̀ ṣáájú ewì, akéwì fúnra rẹ̀. Gwendolyn Brooks máa ń sọ fún olùgbọ́ bí ewì rẹ̀ kékeré lórí àwọn ọmọkùnrin méje tó ń gbá sínúkà ṣe bẹ̀rẹ̀: ó ń kọjá lọ, ó rí wọn ní àkókò ilé ìwé, kàkà kó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn ò sí ní kíláàsì, ó bi ara rẹ̀ pé irú ojú wo ni wọ́n fi ń wo ara wọn. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "àwa" ló fi parí ìlà púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ní ohùn jẹ́jẹ́ ni kí a fi pè é, nítorí àwọn ọmọ náà kò dá ara wọn lójú. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pè é. Àìmọye ènìyàn ló ń pariwo rẹ̀ níbi ìdíje. Sylvia Plath náà, ní ìparí oṣù Kẹwàá 1962, ka ewì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá Peter Orr ti British Council sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ó ní òun ò kọ àwọn ewì ìwé òun àkọ́kọ́ fún kíkà sókè, ṣùgbọ́n àwọn tuntun yìí, òun ní láti máa sọ wọ́n fún ara òun. Ohùn rẹ̀ le, ó sì dá ṣáká. Ní oṣù Kejì 1963 ó ti kú.

Èyí tí mo sanwó fún ni áàpù kan tó ń ta ìwé tí wọ́n kà sílẹ̀. Òṣèré ni wọ́n fi ń ka ewì níbẹ̀, dùùrù sì ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ohùn òṣèré náà dára, ó tilẹ̀ dára jù: gbogbo ìlà ló ní ìbànújẹ́ tirẹ̀ nínú, ewì tó ń ṣẹ̀fẹ̀ pàápàá. Mo fagi lé owó oṣooṣù rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn akéwì fúnra wọn mọ̀ ọ́n kà ní gbogbo ìgbà. Ohùn kan wà tí púpọ̀ nínú wọn ń lò, tó ń gùn, tó ń sọ̀, lọ́nà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Marit MacArthur tó jẹ́ olùwádìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà wo ohùn akéwì Amẹ́ríkà 100, bí ohùn wọn ṣe ń ròkè ròdò àti bí ìdánudúró wọn ṣe gùn tó, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2018. Síbẹ̀, kí akéwì fi ohùn kan náà yẹn kà á tẹ́ mi lọ́rùn ju kí òṣèré máa bá mi sunkún lọ.

Ẹ lo íápíìsì, kì í ṣe ẹnu fóònù, pàápàá fún téèpù àtijọ́. Ẹ má ṣe sọ ìyára rẹ̀ di ìlọ́po kan ààbọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe ìròyìn. Ìdánudúró wà lára ewì. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó mú ètò PoemTalk àkọ́kọ́ yẹn, kó gbọ́ Williams lẹ́ẹ̀mejì, kó dá a dúró níbẹ̀, kó ro tirẹ̀ ná kó tó jẹ́ kí àwọn àlejò yanu.