Oṣù kan pẹ̀lú ìwé ìtàn àròsọ, àti àwọn òǹkọ̀wé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí

Oṣù kan gbáko ni mo fi pa àwọn òǹkọ̀wé tí mo ti mọ̀ tì. Ìwé àwọn tí n kò kà rí nìkan ni mo ń kà, láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lálẹ́ kí oorun tó dé. Orúkọ púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe àjèjì sí mi, ṣùgbọ́n gbígbọ́ orúkọ òǹkọ̀wé yàtọ̀ sí kíka ìwé rẹ̀. Ohun kan ló sì so gbogbo àwọn tó wọ̀ mí lọ́kàn pọ̀: wọ́n mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n fi ìtàn sí lẹ́nu.

Kazuo Ishiguro ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló gba ọkàn mi jù. Nagasaki ní Japan ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1954, ọmọdé ló sì wà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó o lọ sí England. The Remains of the Day tó gba ẹ̀bùn Booker lọ́dún 1989 ni mo kà. Stevens, olórí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé ọlọ́lá kan, ló ń fẹnu ara rẹ̀ ròyìn. Ó gbé mọ́tò ọ̀gá rẹ̀, ó ń lọ rí obìnrin kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, iyì iṣẹ́ ló ń sọ ṣáá: bí wọ́n ṣe ń nu ṣíbí fàdákà títí yóò fi máa kọ mànà, bí ìránṣẹ́ tó mọṣẹ́ ṣe ń dúró.

Ibì kan wà tí bàbá rẹ̀ ń kú lọ lókè, tí àwọn àlejò ńláńlá wà nísàlẹ̀, tí Stevens sì ń gbé ọtí kiri fún wọn. Kò sọ fún wa pé òun ń sunkún. Ọ̀gá rẹ̀ ló bi í pé ṣé kò sí nǹkan, torí ó jọ ẹni tó ń sunkún. Ìgbà yẹn la tó mọ̀. Mo pa dà sẹ́yìn, mo tún ojú ewé yẹn kà látòkè, mò ń wá ibi tí omijé náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ishiguro fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń kàwé láti rí.

Láàárín oṣù yẹn kan náà, mo ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹni tó ń ròyìn níbẹ̀ mọ apààyàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kàn ń fi í pamọ́ kí a lè máa ṣí ewé ni. Inú bí mi gidi. Ohun tí Stevens ń fi pamọ́, ara rẹ̀ ló ń fi í pamọ́ fún. Èmi tí mò ń kàwé ni ti èkejì ń tàn.

Nínú Paradise tí Abdulrazak Gurnah kọ lọ́dún 1994, ọmọ ọdún méjìlá ni Yusuf. Bàbá rẹ̀ jẹ gbèsè lọ́dọ̀ oníṣòwò kan, kò rí i san, ó bá fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ kò mọ̀. Uncle Aziz ló ń pe ọkùnrin náà, ẹni tó máa ń fún un lówó ẹyọ tó bá wá sílé wọn, ó sì rò pé ọ̀dọ̀ ẹbí lòun ń lọ. Khalil tó bá ní ṣọ́ọ̀bù ló là á mọ́lẹ̀ fún un pé ọkùnrin yẹn kì í ṣe ẹbí rẹ̀ rárá. Ojú ọmọ yìí la fi ń wo ìlà oòrùn Áfíríkà bí àwọn ará Jámánì ṣe ń gba ilẹ̀ náà mọ́ àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìrìn àjò inú igbó gùn díẹ̀ lójú mi, àmọ́ ẹ fara dà á. Ìparí ìwé náà kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kábàámọ̀.

So Long a Letter ti Mariama Bâ, ọmọ Senegal, kò nípọn rárá. Èdè Faransé ló fi kọ ọ́ lọ́dún 1979, Modupé Bodé-Thomas ló túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ramatoulaye wà nínú opó, ó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nípa ọkọ tó fẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ òun lé òun lórí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n olóògbé wá sọ fún un pé òun fẹ́ ṣú u lópó, obìnrin tó ti dákẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì tú jáde. Ẹ̀rù bà mí fún ọkùnrin náà. Ó dùn mí pé Bâ kú lọ́dún 1981, ìwé ìtàn kan péré ló sì kù tí n ó tún rí kà lọ́wọ́ rẹ̀.

The Vegetarian ti Han Kang, ará Kòríà tó gba Nobel lọ́dún 2024, ṣòro fún mi. Obìnrin kan lá àlá, kò jẹ ẹran mọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ròyìn apá kìíní, a fi ojú ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí apá kejì, a fi ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí ìkẹta. Yàtọ̀ sí àwọn àlá rẹ̀, ìwé náà kò fún un láyè kó ròyìn ara rẹ̀. Apá kejì kó mi nírìíra, mo sì gbà pé ohun tó fẹ́ ṣe nìyẹn. Apá kẹta ló jẹ́ kí n fẹ́ràn òǹkọ̀wé náà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú àwọn ìwé yìí, ọ̀dọ̀ Mariama Bâ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi Han Kang ṣe ìkẹyìn. Èmi ti bọ́ sínú Afterlives tí Gurnah gbé jáde lọ́dún 2020, níbi tó ti gbé ọ̀rọ̀ àwọn sójà Áfíríkà tó bá Jámánì jagun kalẹ̀.