Àyẹ̀wò Cambridge Science Park: ohun tí ayálégbé ń rí gbà, àti ohun tó ń kó bá agbègbè

Ẹni tó bá gba títì Milton Road kọjá lápá àríwá ìlú Cambridge, Cambridge Science Park, ọgbà tí àwọn iléeṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ti ń yálé, ló máa rí: ilé alájà méjì mẹ́ta, koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀, igi àti adágún omi. Ojú lásán kò lè fi í yàtọ̀ sí ọgbà ọ́fíìsì mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ilé ni àwọn iléeṣẹ́ ń wá lọ síbẹ̀. Onílé tí kò kánjú ni wọ́n ń wá, àti aládùúgbò tó mọṣẹ́. Lórí ohun méjì yìí, ọgbà náà kò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Lórí omi, ilé gbígbé àti ọ̀nà, ó ku díẹ̀ káàtó.

Trinity College, ọ̀kan nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Cambridge, ló ni ilẹ̀ náà, éékà 152, láti 1546 tí Ọba Henry Kẹjọ ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń tún tánkì ogun ṣe kí wọ́n tó kó wọn sọdá sí ilẹ̀ Yúróòpù. Ogun parí, ilẹ̀ di igbó. Ìlú náà kò sì fẹ́ iléeṣẹ́ nígbà yẹn: ètò ìlú tí William Holford kọ ní 1950 ní kí Cambridge má fẹ̀ jù. Ó di 1969 kí ìgbìmọ̀ tí Nevill Mott, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì, ṣe alága fún tó sọ pé ó yẹ kí iléeṣẹ́ tó ń fi sáyẹ́ǹsì jẹun rí àyè nítòsí yunifásítì. John Bradfield, akápò àgbà Trinity, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. 1970 ni wọ́n dá ọgbà sílẹ̀, àṣẹ ìkọ́lé jáde ní 1971, Laser-Scan sì kó wọlé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé àkọ́kọ́ ní 1973. Ara Cavendish, láàbù físíìsì yunifásítì náà, ni Laser-Scan ti ya wá. Ẹ̀rọ tó ń fi iná lésà tọ ipa ìlà lórí fọ́tò ni wọ́n ń ṣe, kí wọ́n tó sọ ọ́ di irinṣẹ́ tí a fi ń kó máàpù sínú kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan falẹ̀. Ó di ìparí ẹ̀wádún náà kí iléeṣẹ́ tó wà níbẹ̀ tó di 25. Onílé tó yáwó ní báńkì kọ́lé kò lè fara da irú èyí. Á ti gba ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rùsí wọlé kí owó lè máa wọlé. Trinity kò ta ilẹ̀, kò sì tú òfin rẹ̀ ká. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: LKB Biochrom ti Sweden wá, Coherent ti Amẹ́ríkà wá, àwọn olóògùn tẹ̀lé wọn. Àwọn ìjọba tó fẹ́ kọ́ ọgbà sáyẹ́ǹsì kó kún kí ìdìbò tó ń bọ̀ tó dé kì í kà dé ojú ewé yìí nínú ìtàn Cambridge.

Òfin tí wọn kò tú ká yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà nínú ìwé àdéhùn, kí ẹ tó béèrè iye owó ilé. Ohun mẹ́ta ló gbà: ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó jẹ mọ́ ohun tí a ń ṣe lọ́jà, iṣẹ́ ìṣelọ́pọ̀ kékeré tí kò lè ṣe kó má bá àwọn olùwádìí fikùnlukùn, àti iṣẹ́ tó rọ̀ mọ́ méjèèjì. Kò gba ilé ìkẹ́rùsí, kò gba ọ́fíìsì lásán. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwádìí, ọjà á tà, wọ́n á wá fẹ́ máa to ẹ̀rọ jọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú ilé kan náà. Ìgbà yẹn ni lọ́yà onílé máa kọ̀wé.

Ó dà bí ìnira, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni èrè agbègbè ti ń wá. Ẹ wo Cambridge Consultants, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960 tó sì fi ọgbà yìí ṣe ibùjókòó. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí wọ́n máa bá àwọn ẹlòmíràn hùmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń tu yíǹkì tẹ déètì sára ìgò àti páálí yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 1978, wọ́n dá Domino sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ìṣelọ́pọ̀ wọn gbòòrò, Bar Hill, abúlé kan lẹ́yìn ìlú, ni wọ́n gbé e lọ. Xaar jáde ní 1990, yíǹkì náà ni tiwọn. CSR jáde ní 1998 pẹ̀lú ṣíìpù Bluetooth, Qualcomm, iléeṣẹ́ ṣíìpù Amẹ́ríkà, sì rà á ní 2015. Ìwádìí ń jókòó sí Milton Road, ilé ìṣelọ́pọ̀ àti iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ń tú ká sí abúlé àti ìlú kéékèèké. Ọgbà tó bá kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra á kún lẹ́ẹ̀kan, á sì di.

Ní ti yíyálé, àǹfààní tó ṣe kókó ni pé àyè wà fún ìdàgbà. Ẹni méjì lè bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì nínú Bradfield Centre tí wọ́n ṣí ní 2017, kí wọ́n gba yàrá mélòó kan tí òṣìṣẹ́ bá pọ̀, kí wọ́n tó gba odindi ilé, láìkúrò láàárín àwọn tí wọ́n ti mọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ìwé àdéhùn. Iléeṣẹ́ tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti ọdún kan ààbọ̀ lọ á fọwọ́ sí ìwé ọdún mẹ́wàá, ó gbọ́kàn lé àyè tí wọ́n fún un láti jáde ní ọdún kẹta tàbí ìkarùn-ún. Àyè náà ní májẹ̀mú: gbèsè owó ilé kò gbọ́dọ̀ sí, ilé sì gbọ́dọ̀ ṣófo ní ọjọ́ náà gan-an. Tí ẹ bá gbàgbé fìríìjì ńlá kan àti tábìlì láàbù síbẹ̀, onílé lè sọ pé ẹ kò tíì jáde, kí owó ilé máa gùn títí ọdún á fi pé. Ẹ sọ fún lọ́yà kí ó dín májẹ̀mú náà kù sí sísan owó ilé nìkan.

Èkejì, ẹ ya owó sọ́tọ̀ fún dídá ilé padà sí bó ṣe wà. Láàbù tí ẹ fi owó ńlá kọ́ lè di ohun tí ẹ máa tún fi owó wó, àyàfi tí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé ẹ lè fi í sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá lọ́jọ́ tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹ so ó mọ́ ìwé àdéhùn. Ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti yọ ẹ̀tọ́ Òfin Onílé àti Ayálégbé ti 1954 kúrò. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, kò sí ohun tó ní kí wọ́n tún un yá yín nígbà tí ọdún bá pé.

Ilé náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ilé àtijọ́ inú ọgbà náà kò dọ́gba. Ọ́fíìsì tí wọ́n sọ di láàbù ló yẹ kí ẹ fura sí jù: òrùlé kì í ga tó fún páìpù ńlá tó ń fa èéfín kẹ́míkà jáde, nígbà tó jẹ́ pé láàbù kẹ́míkà ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ yàrá pààrọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní wákàtí kan. Ẹ gbé máíkírósíkóòpù tó lágbára sí ìsàlẹ̀, nítorí ilẹ̀ òkè máa ń gbọ̀n tí ènìyàn bá ń rìn. Ẹ béèrè iye iná tó wọ ilé lórí ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. Cambridge Water ló ń fún yín lómi, ṣùgbọ́n Anglian Water ló ń gba omi ìdọ̀tí; ẹ kọ̀wé sí wọn fún àṣẹ ìdanù omi iléeṣẹ́ ní oṣù méjì, ó kéré tán, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì tó ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ibùdókọ̀ ojú irin Cambridge North ṣí ní 2017. Ọlọ́kọ̀ tó ń gba òpópónà A14 bọ̀ láàárọ̀ ṣì máa jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ibi tí a kò ti gbóríyìn fún wọn ni ẹ̀yìn odi. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì yẹn ló ya ọgbà kúrò lára Cambridge Regional College, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni King's Hedges àti Arbury, àwọn àdúgbò tí owó kò ti tó nǹkan rárá nínú ìlú. Àjọ ìwádìí Centre for Cities ti ka Cambridge ju ẹ̀ẹ̀kan lọ sí ìlú tí owó tó ń wọlé fún olówó àti mẹ̀kúnnù ti jìnnà síra jù lọ ní Britain. Láàbù kan nílò ẹni tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ, tó ń po kẹ́míkà, tó ń kọ àbájáde sílẹ̀, bó ṣe nílò ọ̀mọ̀wé. Kì í ṣe gbogbo wọn ló yẹ kó máa wakọ̀ wá láti ìlú mìíràn nítorí owó ilé Cambridge.

Omi ló wá le jù. Láti abẹ́ ilẹ̀ ẹfun ni ìlú ti ń fa omi, àwọn odò kéékèèké tó ń sun láti ibẹ̀ sì ti ń gbẹ. Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, ti tako ètò ìkọ́lé ńlá ní agbègbè náà nítorí rẹ̀, adágún omi tuntun tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ní Fens, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà ní àríwá Cambridge, kò sì lè ṣetán ṣáájú 2035. Iléeṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń mu omi púpọ̀ fún ìtutù gbọ́dọ̀ ka iye lítà tó ń lò lóòjọ́, kí ó sì lo ẹ̀rọ tó ń yí omi kan náà po, kí ó tó bá onílé jókòó.